Bíìlì áḿbúláǹsì Màmá tó wá tọ́jú ọmọ ní Houston

Ojú ìwé kan ṣoṣo ni bíìlì náà. Ìlà méjì ló wà lára rẹ̀: A0427, kóòdù ìtọ́jú inú ọkọ̀, 1,700 dọ́là; A0425, kóòdù máìlì, máìlì 14, 280 dọ́là. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 1,980 dọ́là. Orúkọ Màmá ni wọ́n kọ sórí rẹ̀, àdírẹ́sì ọmọ rẹ̀ obìnrin ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí. Ilé-iṣẹ́ tó fi ránṣẹ́ kò tiẹ̀ sí ní Texas, torí ọ̀pọ̀ àwọn tó ni áḿbúláǹsì kì í fúnra wọn gba owó, wọ́n máa ń gbé e fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ bíìlì ni. Nísàlẹ̀ pátápátá, wọ́n kọ ọ́ pé aláìsàn kò ní ìnṣọ́ránsì. Bẹ́ẹ̀ ó ní. Ọkọ ọmọ rẹ̀ ti rà á kí Màmá tó wọ bàálù l'Ékòó.

Iṣẹ́ bíìlì ni mò ń ṣe ní ọ́fíìsì dókítà kan níbí, ìdí nìyẹn táwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa fi máa ń kó ìwé wá bá mi lẹ́yìn ìsìn. Ìdílé yìí gbà kí n kọ ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀, mo sì ti fi orúkọ wọn pamọ́. Àbẹ̀kẹ́ ni kí ẹ máa pe ọmọ, Ṣẹ́gun ni ọkọ rẹ̀.

Ní ọdún 2024, Màmá, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ẹni ọdún 68, wá láti Ìjẹ̀bú-Òde wá bá wọn tọ́jú ọmọ tuntun. Inú bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é. Ó fi ọjọ́ méjì ya ìgbẹ́ gbuuru, kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ní tóun bá sọ, wọ́n á gba ọmọ lọ́wọ́ òun. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, bó ṣe bẹ̀rẹ̀ láti da omi sínú abọ́ ìwẹ̀ ọmọ, ojú rẹ̀ ṣú, ó sì ṣubú lẹ́gbẹ̀ẹ́ síǹkì. Nígbà tí wọ́n gbé e dìde, ó ń pe Àbẹ̀kẹ́ ní orúkọ àbúrò òun tó ti kú.

Ṣẹ́gun ti mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò dání. Ó ní ọsibítù kò jìnnà, àti pé òun ti gbọ́ nípa áḿbúláǹsì Amẹ́ríkà, tó jẹ́ pé ara èèyàn á yá tán, bíìlì á tún wá dá àìsàn mìíràn sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Àbẹ̀kẹ́ ọkùnrin tó wà ní London wà lórí WhatsApp lákòókò náà, kò sì yé e ohun tí wọ́n ń rò. Níbi tí òun wà, èèyàn pe 999, wọ́n gbé e, ó tán. Àbẹ̀kẹ́ ò dá ẹnikẹ́ni lóhùn nínú wọn, ó pe 911. Màmá gbọ́ nọ́ńbà yẹn láti orí ilẹ̀ tó wà, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ o, ẹ má pe ọlọ́pàá sí ọ̀rọ̀ mi."

Ohun tí Àbẹ̀kẹ́ ṣe dára. Ẹ̀jẹ̀ Màmá ti lọ sílẹ̀ sí 80 lórí 50 nígbà táwọn tó wà nínú áḿbúláǹsì wọ̀n ọ́n. Wọ́n fa omi sí i lára nínú ilé kí wọ́n tó gbé e jáde, wọ́n sì lẹ àwọn wáyà mọ́ ọn láyà láti wo bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù. Tó bá jẹ́ pé ọkàn ló ń ṣe é ni, wọ́n lè fi àwòrán yẹn ránṣẹ́ sí ọsibítù kí ọkọ̀ tó débẹ̀, káwọn dókítà ti múra sílẹ̀. Mọ́tò Ṣẹ́gun kò lè ṣe ìyẹn. Ẹni tí àyà ń dùn, tí ẹnu rẹ̀ ń wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, tàbí tí kò mọ ibi tó wà mọ́, kì í ṣe ẹni téèyàn ń ṣírò owó lé lórí. Ọ̀rọ̀ owó ṣì ń bọ̀ wá, yóò sì pẹ́ nílẹ̀.

Nínú ọkọ̀, ọ̀kan nínú wọn na tablet sí Àbẹ̀kẹ́ kó fọwọ́ sí i, ó sì bi í léèrè ìnṣọ́ránsì. Inú ímeèlì Ṣẹ́gun ni káàdì rẹ̀ wà, Ṣẹ́gun sì wà nílé pẹ̀lú ọmọ. Wọ́n dé ọsibítù, wọ́n fi Màmá lé àwọn nọ́ọ̀sì lọ́wọ́, wọ́n gba ìpè mìíràn lọ. Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ nìyẹn pé kò ní ìnṣọ́ránsì.

Wọ́n fa omi sí i lára mọ́júmọ́. Ara rẹ̀ yá, wọ́n sì dá a sílẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Bíìlì ọsibítù náà tún wá lọ́tọ̀, àmọ́ ìyẹn kò fún wa ní wàhálà púpọ̀. Ọsibítù tí kì í ṣe tìjẹ èrè ni, òfin ìjọba àpapọ̀ sì ní irú wọn gbọ́dọ̀ ní ètò ìrànlọ́wọ́ fún ẹni tí owó rẹ̀ kò tó. A gba fọ́ọ̀mù, a fi ẹ̀rí owó ìfẹ̀yìntì Màmá sí i, wọ́n sì gé èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ìrànlọ́wọ́ yẹn kan áḿbúláǹsì náà. Kò kàn án. Ẹni tó ni ọsibítù àti ẹni tó ni ọkọ̀ tó gbé èèyàn débẹ̀ kì í sábà jẹ́ ẹnì kan náà.

Nígbà tí wọ́n gbé bíìlì áḿbúláǹsì wá bá mi, Ṣẹ́gun ti fẹ́ fi káàdì gbèsè báǹkì san án kí ọkàn Màmá lè balẹ̀. Mo ní kó dá ọwọ́ dúró. Gbèsè ìtọ́jú ìlera ṣeé dúnàá dúrà, wọn kì í sì í sábà fi èlé sí i. Téèyàn bá ti fi káàdì san án, ó ti di gbèsè báǹkì, báǹkì ò sì ní bi ọ́ bóyá máìlì 14 ni tàbí 8. Ohun tó ń já a láyà jù ni pé wọ́n ní táwọn ò bá san láìpẹ́, wọ́n á gbé e fún agbowó gbèsè, á sì ba orúkọ àwọn jẹ́ ní ibi tí wọ́n ti ń wo ìtàn gbèsè èèyàn. Mo ṣàlàyé fún un pé láti ọdún 2022, Equifax, Experian àti TransUnion, ilé-iṣẹ́ mẹ́ta tó ń tọ́jú ìtàn gbèsè náà, kì í kọ gbèsè ìtọ́jú ìlera sílẹ̀ títí yóò fi lé ní ọdún kan tó ti dé ọ̀dọ̀ agbowó gbèsè, àti pé láti 2023, èyí tí kò bá tó 500 dọ́là kò sí níbẹ̀ mọ́. Yàtọ̀ sí ìyẹn, Màmá ló ni gbèsè náà. Àbẹ̀kẹ́ fọwọ́ sí ìwé gẹ́gẹ́ bí aṣojú ìyá rẹ̀ ni, mo gba ẹ̀dà ìwé náà mo sì kà á.

Ìwé méjì ni mo ní kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ bíìlì náà: ìṣirò owó ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, àti àkọsílẹ̀ táwọn tó wà nínú ọkọ̀ kọ lọ́jọ́ náà. Èyí kejì ló ṣe pàtàkì jù. A0427 túmọ̀ sí pé wọ́n tọ́jú aláìsàn ní ìpele gíga, nípasẹ̀ ẹni tó lè fún un ní abẹ́rẹ́, fa omi sí i, kí ó sì wo ọkàn rẹ̀. A0429 ni ti ìpele kékeré, owó rẹ̀ sì kéré sí i. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti kọ ti gíga fún ẹni tí wọ́n kàn fún ní bẹ́ẹ̀dì àti sùúrù. Ti Màmá yìí tọ́: omi wà nínú àkọsílẹ̀, wáyà ọkàn wà níbẹ̀. Ti máìlì ni kò tọ́. A0425 jẹ́ ti máìlì tí aláìsàn wà nínú ọkọ̀ nìkan, láti ilé rẹ̀ dé ọsibítù. Nínú àkọsílẹ̀, wọ́n ti ka máìlì lára ọkọ̀ nígbà tí wọ́n gbé Màmá wọlé àti nígbà tí wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ìyàtọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 8. Ẹni tó ṣe bíìlì ti ka ti bí ọkọ̀ ṣe ń bọ̀ láti ibùdó mọ́ ọn. A kọ lẹ́tà olójú ìwé kan, a so ẹ̀dà mọ́ ọn, 280 dọ́là sì di 160. Bíìlì di 1,860.

Ó wá ku ìnṣọ́ránsì. Irú èyí tí wọ́n ń tà fún àlejò ni Ṣẹ́gun rà, èyí tó máa ń san iye kan pàtó fún nǹkan kọ̀ọ̀kan láìka iye tí bíìlì bá jẹ́ sí. Ti áḿbúláǹsì nínú rẹ̀ jẹ́ 450 dọ́là. Wọ́n ní láàárín 90 ọjọ́ ni kéèyàn fi kíléèmù ránṣẹ́, ó sì ti ń sún mọ́ ìparí nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ mi. A fi ránṣẹ́. Wọ́n kọ̀ ọ́. Wọ́n ní àìsàn tó ti wà lára aláìsàn kó tó kúrò nílé ni.

Níbo ni wọ́n ti rí ìyẹn? Nínú àkọsílẹ̀ ọkọ̀ kan náà, lábẹ́ ìtàn ìlera: ẹ̀jẹ̀ ríru. Wọ́n bi Màmá léèrè oògùn tó ń lò, ó sì sọ òótọ́. Ẹni tó ń ka kíléèmù rí ẹ̀jẹ̀ ríru, ó rí ẹni tó ṣubú, ó so méjèèjì pọ̀. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wà ní 80 lórí 50! Inú bí mi, àmọ́ inú bíbí kì í gba owó padà lọ́wọ́ ìnṣọ́ránsì. Mo ní kí Àbẹ̀kẹ́ lọ gba lẹ́tà lọ́dọ̀ dókítà tó tọ́jú ìyá rẹ̀, kó sọ pé inú tó ṣe é àti omi ara tó tán ló mú un ṣubú, pé àìsàn tuntun ni, pé kò kan ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀. Ìlà mẹ́rin ni dókítà kọ. Wọ́n san 450 náà, ó sì ku 1,410.

Àwọn kan nínú ṣọ́ọ̀ṣì ní ṣé kò sí òfin tó ní kí wọ́n má fi bíìlì gún èèyàn lójijì mọ́ ni. Ó wà. No Surprises Act bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2022. Ó dáàbò bo ẹni tó ní ìnṣọ́ránsì ìlera gidi tí hẹlikóbítà áḿbúláǹsì bá gbé e, àmọ́ wọ́n yọ èyí tó ń fi táyà rìn sílẹ̀, èyí tó ń gbé ọ̀pọ̀ èèyàn jù. Ìdí tí wọ́n fi yọ ọ́ ni pé iṣẹ́ náà pín sọ́wọ́ púpọ̀. Níbì kan àwọn panápaná ló ń ṣe é, níbòmíràn ìjọba ìbílẹ̀, níbòmíràn ilé-iṣẹ́ aládàáni, olúkúlùkù wọn ló sì ń dá iye tirẹ̀ lé. Èèyàn kì í sì í yan èyí tó máa wá. Ẹni tó gba ìpè ní 911 ló ń rán wọn. Ìgbìmọ̀ tí ìjọba àpapọ̀ gbé kalẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà dábàá ní 2024 pé kí ohun tí aláìsàn máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ san má ju 100 dọ́là lọ, àbá náà ò sì tíì di òfin.

Texas ní tirẹ̀ ṣe òfin kan tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní 2024: kí áḿbúláǹsì tí kò bá ìnṣọ́ránsì rẹ ṣe àdéhùn má fi ìyókù owó bi ọ́. Ìnṣọ́ránsì yóò san iye tí ìjọba ìbílẹ̀ ibẹ̀ bá fi lélẹ̀, tí kò bá sì sí irú iye bẹ́ẹ̀, yóò san èyí tó bá kéré nínú bíìlì fúnra rẹ̀ àti 325 nínú ọgọ́rùn-ún iye tí Medicare, ìnṣọ́ránsì ìjọba àpapọ̀ fún àwọn àgbàlagbà, ń san. Àmọ́ ìnṣọ́ránsì tí ìpínlẹ̀ ń ṣàkóso nìkan lòfin yẹn mú. Ìwé àlejò tí Màmá gbé wá kò sí lára wọn. Kò sí òfin kankan tó bò ó.

Ohun tó kù ni ìdúnàádúrà. Iye tí Medicare ń san fún áḿbúláǹsì wà ní gbangba, ẹnikẹ́ni lè wò ó. Fún irú gbígbé tí wọ́n gbé Màmá ní ìlú ńlá bíi Houston, ó lé díẹ̀ ní 500 dọ́là, láìka máìlì. Èyí ni mo fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. N kò sọ fún wọn pé ìyẹn nìkan la máa san. Mo kọ ọ́ pé aláìsàn jẹ́ ẹni tó ti fẹ̀yìn tì, tí náírà ni wọ́n fi ń san owó rẹ̀, pé ìnṣọ́ránsì ti san 450, àti pé ìdílé náà lè parí rẹ̀ bí àpapọ̀ ohun tí wọ́n máa gbà bá jẹ́ 1,000. Ẹni àkọ́kọ́ tí a bá sọ̀rọ̀ lórí fóònù ní kò ṣeé ṣe, ẹni kejì ní òun ò ní àṣẹ. Ẹ̀kẹta, tó jẹ́ ọ̀gá wọn, gbà. Kí Àbẹ̀kẹ́ tó san kọ́bọ̀, mo ní kó dúró de lẹ́tà tó sọ pé tí 550 tó kù bá ti pé, gbèsè náà ti parí pátápátá. Wọ́n san án ní 110 lóṣooṣù fún oṣù márùn-ún.

Màmá ti padà sílé nígbà náà, àmọ́ ó fẹ́ tún wá nígbà tí ọmọ bá ń kọ́ ìrìn. Ṣẹ́gun ti búra pé òun ò tún ní ra ìnṣọ́ránsì aláwẹ́lẹ́wẹ̀ẹ́ tó ń san iye pàtó yẹn mọ́. Ó mú ìwé mìíràn wá, èyí tí owó rẹ̀ lé ní ìlọ́po mẹ́ta ti tẹ́lẹ̀. Lórí ojú ìwé àkọ́kọ́, ó dára gan-an: èèyàn á kọ́kọ́ fi 250 dọ́là àpò ara rẹ̀ san, lẹ́yìn náà wọ́n á san 80 nínú ọgọ́rùn-ún títí dé 5,000, wọ́n á wá máa san gbogbo rẹ̀ láti ibẹ̀ lọ. Wọ́n kọ áḿbúláǹsì síbẹ̀, wọ́n sì fi àmì "bẹ́ẹ̀ ni" sí i.

Mo ní ká ṣí ìwé àdéhùn náà gan-an, ká wá ibi tí áḿbúláǹsì wà. Ó wà lẹ́yìn púpọ̀. Wọ́n kọ ọ́ pé tó bá jẹ́ pé jàǹbá ni, wọ́n á san. Tó bá jẹ́ pé àìsàn ni, wọ́n á san kìkì bí ọsibítù bá gbà á wọlé gẹ́gẹ́ bí aláìsàn tí wọ́n dá dúró. A padà sí ìwé ọsibítù Màmá. Ó sun ibẹ̀ lóòótọ́, wọ́n fún un ní bẹ́ẹ̀dì, wọ́n gbé oúnjẹ wá fún un, àmọ́ nínú ìwé wọn, wọ́n kàn ń ṣọ́ ọ ni, wọn ò dá a dúró. Ìyẹn ni pé ìwé olówó iyebíye yìí kò ní san kọ́bọ̀ lórí áḿbúláǹsì yẹn, nígbà tí aláwẹ́lẹ́wẹ̀ẹ́ tí Ṣẹ́gun ń bú san 450.

Mo dúró lórí ibí yìí torí ìbéèrè kan náà ni gbogbo èèyàn máa ń bi aṣojú ìnṣọ́ránsì: ṣé ẹ ń san ti áḿbúláǹsì? Aṣojú á ní bẹ́ẹ̀ ni, kò sì purọ́. Èyí tí mo fẹ́ kí wọ́n máa béèrè ni: tí wọ́n bá gbé ìyá mi lọ sí ọsibítù nítorí àìsàn, tí wọ́n sì dá a sílẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì láìgbà á wọlé, èló lẹ máa san? Kí wọ́n sì fi ojú ìwé tó wà hàn mí. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ti àìsàn tó ti wà lára. Ìwé kan á yọ ẹ̀jẹ̀ ríru sílẹ̀ pátápátá. Òmíràn á san tí àìsàn àtijọ́ bá dìde lójijì, àmọ́ yóò ní kéèyàn lọ rí dókítà láàárín wákàtí 24, yóò sì ní ọjọ́ orí tí àǹfààní yẹn ń parí. Ìyá ẹni ọdún 68 gbọ́dọ̀ mọ ọjọ́ orí yẹn kó tó sanwó.

Ẹnì kan bi wọ́n ṣé wọn ò kúkú lè fi Màmá sórí ìnṣọ́ránsì ibi iṣẹ́ Àbẹ̀kẹ́. Rárá, ọkọ tàbí aya àti ọmọ ni wọ́n ń gbà síbẹ̀. Medicare ńkọ́? Àlejò kò lè gbà á. Tó bá tilẹ̀ di ẹni tó ní green card, ẹni tó ti lé ní ọdún 65 tí kò ṣiṣẹ́ rí níbí ní láti gbé ibẹ̀ fún ọdún márùn-ún gbáko kó tó lè fowó rà á, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè ra ìnṣọ́ránsì nínú ọjà ìjọba ṣáájú ìgbà yẹn.

Lẹ́tà kan tún dé sí ilé wọn láàárín àkókò náà, ti ẹgbẹ́ hẹlikóbítà áḿbúláǹsì: san owó lọ́dọọdún, a ò ní bi ọ́ ní ìyókù bíìlì. Ó wúlò fún ẹni tó ń gbé ní ìgbèríko tí ọsibítù jìnnà sí, tí ọkọ̀ òfúrufú ẹgbẹ́ yẹn gan-an ló sì ń ṣiṣẹ́ ní agbègbè rẹ̀. Àárín Houston tí ọsibítù kún fọ́fọ́ yìí ńkọ́? A jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ìwé kẹta ni wọ́n rà fún Màmá. Owó rẹ̀ wà láàárín ti méjèèjì. Wọ́n ń san áḿbúláǹsì àìsàn láìbéèrè bóyá wọ́n dá a dúró, ó sì gba àìsàn àtijọ́ tó bá dìde lójijì títí dé ọdún 70. Ìyẹn fún Màmá ní àyè ìrìnàjò kan sí i, bóyá méjì. Ṣẹ́gun tẹ káàdì rẹ̀ sórí bébà, ọ̀kan wà nínú àpò Màmá, ọ̀kan wà nínú mọ́tò. Wọ́n tún ya 1,000 dọ́là sọ́tọ̀ ní báǹkì, torí kò sí ìwé àlejò kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí kì í jẹ́ kí nǹkan ṣẹ́kù sí èèyàn lọ́rùn.

Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn ni mo tó ní kí wọ́n mú káàdì tiwọn fúnra wọn jáde. Ní Texas, káàdì ìnṣọ́ránsì tí ìpínlẹ̀ ń ṣàkóso máa ń ní lẹ́tà TDI tàbí DOI lára. Ó wà lára ti Ṣẹ́gun. Kò sí lára ti Àbẹ̀kẹ́, torí ilé-iṣẹ́ ńlá tó ń bá ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀ ló ń san ìtọ́jú àwọn òṣìṣẹ́, òfin àpapọ̀ nìkan ló sì ń darí irú ètò bẹ́ẹ̀. Ìyẹn ni pé òfin áḿbúláǹsì Texas bo ọkọ, kò bo aya. Orí káàdì ìyá ni wọ́n sì kọ ọmọ sí nígbà tí wọ́n bí i. Nígbà tí àkókò ìforúkọsílẹ̀ ọdọọdún dé, wọ́n gbé ọmọ lọ sórí ti bàbá. Àbẹ̀kẹ́ ní òun ò kúrò lórí tòun, torí dókítà tó gbẹ̀bí òun wà nínú rẹ̀, owó tí wọ́n ń yọ lóṣooṣù sì kéré, òun á sì fi ọwọ́ òun san ìyókù áḿbúláǹsì tó bá dé. Mo bá a ṣírò rẹ̀, mo rí i pé kò burú.